Bí A Ṣe Lè Kó Kòkòrò Tí Ń Mú Ara Lé Ròrò Kúrò Nínú Ọgbà Ẹ̀wà àti Ilá

Ìgbà tí ẹ̀wà, ilá àti ìṣápá bá ń tanná ni kòkòrò yìí sábà máa ń yọjú. Ó dúdú, ọ̀já pupa tàbí ọ̀já aláwọ̀ ìyeyè méjì mẹ́ta sì máa ń wà ní ẹ̀yìn apá rẹ̀. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í yára sá. Òdòdó ni ó fẹ́ràn jù, nítorí náà ewé lè tutù yọ̀yọ̀ kí ilá má sì so.

Ṣùgbọ́n ìpalára tí ó lè ṣe fún ènìyàn ju ti irúgbìn lọ. Bí a bá fi ọwọ́ lásán mú un, tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ọrùn níbi tí ó bà sí, omi aláwọ̀ ìyeyè yóò sun láti oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, oró tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cantharidin sì wà nínú omi náà. Kì í sábà ta ni lójú ẹsẹ̀, ohun tí ó fi ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn: ó lè di ọjọ́ kejì kí ara tó lé ròrò.

Àárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ni ó dára jù láti kó o, nítorí ara rẹ̀ kò tíì yá láti fò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, ẹ gbé korobá omi ọṣẹ sábẹ́ òdòdó, kí ẹ sì fi igi kékeré gbọn ẹ̀ka náà. Kòkòrò náà yóò ká ẹsẹ̀ jọ bí ẹni tí ó kú, yóò sì já sínú omi. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n lẹ́yìn náà, nítorí oró wọn kì í tán lára òkú tí ó ti gbẹ. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ ìtàkùn ẹ̀wà wò dáadáa kí a tó sá a fún ewúrẹ́. Ní Amẹ́ríkà, irú wọn tí ó bá koríko gbígbẹ wọlé ti pa ẹṣin.

Èmi kò gba ẹni tí ọgbà rẹ̀ kéré níyànjú láti fín oògùn sí òdòdó, nítorí yóò pa oyin pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ méjì mẹ́ta péré, ẹ tilẹ̀ lè fi wọ́n sílẹ̀: ẹyin tata inú ilẹ̀ ni ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ.

Bí omi rẹ̀ bá kan ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ibẹ̀ kíákíá, ẹ má sì fi ọwọ́ náà nu ojú. Bí ó bá ti lé, ẹ má tú u. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Bí ó bá kan ẹyinjú, ẹ fi omi tí ó mọ́ ṣàn án dáadáa kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ẹnu rẹ̀ lè bó, ẹ̀jẹ̀ lè hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ sì lè bàjẹ́, nítorí náà ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró. Ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣe fún ẹni tí ó jẹ májèlé, nítorí ọ̀rá máa ń mú kí oró yìí tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀.