Ẹ má fi òkòtó ṣàlàyé spin

Tí olùkọ́ físíìsì kan ní Àkúrẹ́ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ spin, ìyẹn ìwà tó ń mú kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe bí òòfà kékeré, kò ní pẹ́ tí yóò fi dárúkọ òkòtó. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kí n tó jáwọ́. Òkòtó máa ń rẹ̀, á sì ṣubú. Spin ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í rẹ̀, àbímọ́ ni. Ibikíbi tí ẹ bá kọjú ìwọ̀n sí, èsì méjì péré ló ń fún yín: òkè tàbí ìsàlẹ̀.

Ibi tí òkòtó ti wúlò ni ìkarahun rẹ̀. Ẹ gbé e síwájú dígí: ti inú dígí á lọ́ sí apá kejì, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dà á tí yóò fi bá tọwọ́ yín mu, bí bàtà ọ̀tún kò ṣe lè di ti òsì. Bẹ́ẹ̀ ni kírísítálì chiral rí. Nínú tellurium, èròjà kan tó dà bí irin, àwọn átọ́ọ̀mù tò bí okùn tí a lọ́, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìyípo kan. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún wà, ọlọ́wọ́ òsì náà wà.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kí wọ́n ní iná mànàmáná tó ń gba inú kírísítálì kọjá ló ń dá spin sílẹ̀. Rárá o. Spin ti wà níbẹ̀ kí iná tó dé. Ká ní gbogbo ẹni tó ń lọ sí Ọjà Ọba ló dé fìlà pupa, tí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ sì dé funfun. Tí iye wọn bá dọ́gba, kò sí àwọ̀ tó borí. Tí èrò alọ bá pọ̀ sí i, pupa á borí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rán fìlà tuntun. Nínú kírísítálì chiral, ìrìn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti spin rẹ̀ so mọ́ra. Iná kàn ń mú kí èrò ọ̀nà kan ju ti èkejì lọ ni. Ẹ yí iná padà, spin á yí padà. Ẹ mú kírísítálì ọwọ́ kejì, á tún yí.

Ẹ má sì rò pé dandan ni kí spin dábùú ọ̀nà iná, bí ó ti máa ń rí ní ojú ibi tí ohun èlò méjì ti pàdé. Tí iná bá gba inú tellurium kọjá ní ọ̀nà tí okùn átọ́ọ̀mù náà tò sí, ọ̀nà yẹn gan-an ni spin náà kọjú sí. Àwọn onímọ̀ ní Jàpáànì fi NMR (ọ̀nà tí a ń gbà fi òòfà àti ìgbì rédíò wo àárín átọ́ọ̀mù) rí òòfà tí iná náà ń bí lọ́dún 2017, bẹ́ẹ̀ tellurium fúnra rẹ̀ kì í ṣe òòfà.

Ní ti gbígbé spin lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ má ṣe po ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì: èkíní á pa èkejì rẹ́. Lọ́dún 2021, nínú kírísítálì chiral méjì, NbSi2 àti TaSi2, spin rìn ju máíkírómítà 10 lọ láìlo òòfà, nínú ooru yàrá lásán. Ṣùgbọ́n kírísítálì kan náà lè ní apá ọlọ́wọ́ ọ̀tún àti apá ọlọ́wọ́ òsì. Kí ẹ tó kọ àmì ìròpọ̀ tàbí ìyọkúrò síwájú èsì yín, ẹ kọ́kọ́ fi X-ray wo ọwọ́ tó jẹ́.