Lílo lẹ́tà serif Bold Italic bó ṣe yẹ

Kí ẹ tó fi Bold Italic, ìyẹn lẹ́tà tó nípọn (Bold) tó sì tún fì sọ́tùn-ún (Italic), ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Fọ́ǹtì serif, ìyẹn èyí tí ìlà lẹ́tà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ níbi tó parí sí, sábà máa ń ní fáìlì mẹ́rin: Regular, Italic, Bold àti Bold Italic. Bí ìkẹrin ò bá sí, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ò ní sọ. Wọ́n á kàn mú Bold fì sọ́tùn-ún, lẹ́tà á sì rí wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ tẹ “a” àti “f” ní ìwọ̀n 72. “a” ti ojúlówó sábà máa ń dà bí èyí tí a fi ọwọ́ kọ, róbótó kan tó ní ìrù. Lẹ́tà “f” rẹ̀ sì máa ń gùn wọ ìsàlẹ̀ ìlà. Bí méjèèjì bá rí bíi ti Bold gẹ́lẹ́, tí wọ́n kàn fì, ẹ fura. Lórí wẹ́ẹ̀bù, font-synthesis: none nínú CSS, èdè tí a fi ń ṣètò ìrísí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, kì í jẹ́ kí browser ṣe ayédèrú yìí.

Italic ti pẹ́: atẹ̀wé Aldus Manutius fi tẹ ìwé ní Venice ní 1501, Francesco Griffo ló gbẹ́ lẹ́tà náà, ó tínrín, ó fún mọ́ra. Bold ò gbilẹ̀ àfi ní ọ̀rúndún 19, àyè ló sì ń fẹ́. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ń ki ìlà tó nípọn sínú àyè tóóró, ihò inú “e” àti “a” á wá há. Yíǹkì tó bá ràn lórí bébà á dí i pa. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 11 lórí bébà tó ń fa yíǹkì mu. Láti 18 sókè ni ẹwà rẹ̀ ń yọ.

Ibi tó ti wúlò jù ni àkọlé tó ti wà ní Bold tẹ́lẹ̀, tí orúkọ ìwé kan wà nínú rẹ̀: orúkọ náà ló máa gba Bold Italic. Ìlànà ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún àgbáyé, tún fi í kọ àmì vector (ohun tó ní ìwọ̀n àti ìhà tó kọjú sí) nínú ìṣirò. Odindi ìpínrọ̀, rárá. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń pariwo, kò sí ohun tó máa yọ. Bí “f” bá kọ lu àkámọ́ tó tẹ̀lé e, ẹ fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tí kóòdù rẹ̀ nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, jẹ́ U+200A sáàárín wọn.

Yorùbá ló ń tú àṣírí fọ́ǹtì jù. Ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ ò ní: ńṣe la ń gbé àmì ohùn lé wọn lórí. Nínú lẹ́tà tó fì, àmì òkè gbọ́dọ̀ sún sọ́tùn-ún, ti abẹ́ á sún sósì díẹ̀. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ bẹ́ẹ̀ á gbé àmì sétí lẹ́tà. Èyí tí kò ní lẹ́tà náà rárá á yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, ẹ ó sì rí lẹ́tà kan tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ láàárín àwọn yòókù. Ẹ fi “ọ̀rẹ́”, “fẹ́ẹ́rẹ́” àti “Ọ̀ṢỌ́” dán an wò. Ẹ jẹ́ kí àyè ìlà tó ìlọ́po 1.4 ìwọ̀n lẹ́tà; ní 1.2, àmì orí Ọ̀ lè kan àmì abẹ́ ṣ tó wà lókè rẹ̀.