Kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ ìfági àlòkù

Ẹ̀yin káfíńtà ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá ń lọ wo ẹ̀rọ ìfági tàbí ìlagi àtijọ́ tó wúwo, ẹ mú kẹrosíìnì díẹ̀, àkísà gbígbẹ àti ṣọ́ọ̀kì funfun dání, kí ẹ fi wá ibi tó ti sán. Ẹ nu gírísì àti eruku kúrò, ẹ fi kẹrosíìnì pa ìdí bóòtù ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí bẹ́árìn jókòó sí, àti abẹ́ tábìlì rẹ̀. Ó di bí ìṣẹ́jú 15, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Kẹrosíìnì máa ń wọ inú ojú sísán tí ojú lásán ò lè rí. Yóò sun padà jáde, yóò sì fa ìlà dúdú sára ṣọ́ọ̀kì náà. Irin tí wọ́n yọ́ dà ni ara irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń sán, pàápàá bí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń já a lọ́kọ̀. Wẹ́dà lè jó o pọ̀, àmọ́ ó lè tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó. Ìpẹtà kò tó nǹkan, ó ṣeé ha. Ọ̀dà tuntun ló ń kọ mí lóminú jù. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n yìí kù sí: ọ̀dà tó nípọn tàbí filler (èròjà tí wọ́n fi ń dí ihò kí wọ́n tó kùn ún) kì í jẹ́ kí kẹrosíìnì dé ojú irin. Ẹ tọrọ àyè láti ha á díẹ̀. Bí olùtà bá kọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.