Àwọn àṣìṣe tí àwọn bàbá wa ń ṣe lórí ìtọ̀ tí kò já geere mọ́

Bi bàbá ẹni ọdún 65 kan ní Ìjẹ̀bú-Òde pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ń dìde tọ̀ lóru, yóò ní, “Bí ẹ̀ẹ̀kan, bí ẹ̀ẹ̀mejì.” Ìyàwó tó jókòó tì í ni yóò sọ pé, “Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni o. Èmi ni mò ń gbọ́ ilẹ̀kùn.” Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: kí èèyàn máa fojú kéré ohun tó ń ṣe é, kó ní ọjọ́ ogbó ló dé.

Dókítà Michael Barry, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè méje jáde lọ́dún 1992, tí àwọn dókítà ṣì ń lò káàkiri ayé. Láàárín oṣù kan tó kọjá, ṣé ó ń ṣe yín bíi pé ìtọ̀ ṣì kù nínú lẹ́yìn tí ẹ tọ̀ tán? Ṣé kì í pé wákàtí méjì tí ẹ tún fi ń lọ? Ṣé ó ń dá dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ṣòro fún yín láti mú un mọ́ra? Ṣé kò lágbára mọ́? Ṣé ẹ ní láti tiraka kó tó jáde? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń dìde lóru? Máàkì 0 sí 5 ni fún ìkọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35. Láti 0 dé 7, ó fúyẹ́. Láti 8 dé 19, ó wà láàárín. 20 sókè, ó ti le. Ìbéèrè kẹjọ tún wà tí mo fẹ́ràn jù: bó bá jẹ́ pé báyìí lẹ máa wà títí ayé yín, báwo ló ṣe máa rí lára yín? Ẹ jẹ́ kí ìyàwó wà níbẹ̀ tí ẹ bá ń dáhùn.

Ṣùgbọ́n máàkì yìí kì í wá jẹjẹrẹ. Próstéètì, ẹ̀yà ara kan tí ọkùnrin nìkan ní, wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà ló máa ń tóbi, tó sì lè fún ọ̀nà náà. Ìyẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ próstéètì sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí àmì kankan, kí ìtọ̀ ṣì máa já geere. Torí náà, bàbá tó ń dìde lẹ́ẹ̀márùn-ún tó ti gbà pé ikú dé ṣàṣìṣe. Èyí tó ń sùn mọ́jú tó ní kò kan òun náà ṣàṣìṣe. Jẹjẹrẹ yìí ń mú ọkùnrin dúdú ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti ọmọ ọdún 45 ni American Cancer Society, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ, ní kí ọkùnrin dúdú ti máa bá dókítà sọ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ní i kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ rárá.

Tí PSA inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tí próstéètì ń ṣe, tí wọ́n máa ń wọ̀n láti fi wá jẹjẹrẹ rẹ̀, bá ga, ẹ má tíì sunkún. Kòkòrò àrùn nínú ìtọ̀, próstéètì tó tóbi, àní ìbálòpọ̀ ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, lè gbé e sókè. Ẹni tó ń lo finasteride, oògùn kan fún próstéètì tó tóbi, gbọ́dọ̀ sọ, torí oògùn yẹn máa ń dín PSA kù sí nǹkan bí ìdajì, ó sì lè tan ẹni tó ń ka èsì jẹ.

Bí ìtọ̀ bá ti ń ta àwọn míì, àtọ̀sí ni wọ́n ń pè é, wọ́n á gba kẹ́mísì lọ ra kápúsù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ náà wò ná, kí wọ́n wo ṣúgà pẹ̀lú, torí àtọ̀gbẹ náà ń mú kéèyàn máa tọ̀ léraléra.

Mi ò bá ewé àti egbò jà. Wọ́n ti wà kí á tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbo tí wọ́n ní ó ń la ojú ìtọ̀, inú ọtí ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, ọtí sì ń mú kí ìtọ̀ pọ̀ sí i. Saw palmetto, igi kan tí wọ́n ń ta èso rẹ̀ ní kápúsù ní Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ ìtọ̀, ni Barry kan náà dán wò lára ọkùnrin 369 fún ọ̀sẹ̀ 72. Wọ́n fún àwọn kan ní ojúlówó, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Wọ́n gbé ìwọ̀n rẹ̀ dé ìlọ́po mẹ́ta. Èsì tó jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé ojúlówó kò ṣe ju òfìfo lọ. Máàkì àwọn tó gba òfìfo pàápàá wálẹ̀ ní bíi 3. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: ìṣòro yìí lè rọ̀ fúnra rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìgò tó bá wà lọ́wọ́ ẹni lásìkò náà ló máa gba ìyìn.

Ẹ má fi òùngbẹ jẹ ara yín níyà lójú ọ̀sán. Omi alẹ́ ni kí ẹ dín kù, bíi wákàtí méjì kí ẹ tó sùn. Gàrí Ìjẹ̀bú tí ẹ fi omi tútù mu lálẹ́, omi náà ni.

Oògùn kàtá bíi Piriton, àti èyí tó ní pseudoephedrine nínú, lè sé ìtọ̀ mọ́ ẹni tí próstéètì rẹ̀ ti tóbi. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ pátápátá, tí ìsàlẹ̀ ikùn wú tó ń ro yín, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má ní ó di àárọ̀. Òru náà ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn, ìbáà ṣe ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ (OOUTH) ní Ṣàgámù, ìbáà ṣe ti Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù. Rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń kì bọ ọ̀nà ìtọ̀ ni wọ́n máa fi fa ìtọ̀ náà jáde. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ tọ̀ gbẹ̀yìn fún wọn, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan ìgò àgbo.