Bí Mo Ṣe Ń Kọ Ọdún Rélùwéè Sílẹ̀

Lókò Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, ọgbà iṣẹ́ rélùwéè, ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ rélùwéè sí ló fi sílẹ̀ fún mi, ọdún kan, ìwé kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe é. Tí ẹ bá kó ọdún méjì pọ̀, á dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ọdún 2023 ni màá fi ṣàlàyé, torí ọdún ọ̀hún kún.

Ẹ fi rúlà la ojú ìwé sí méjì. Apá òsì, ọjọ́ tí ìjọba gé rìbọ́nì. Apá ọ̀tún, ọjọ́ tí èrò sanwó wọlé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Blue Line, ọkọ̀ ojú irin ìlú Èkó láti Marina dé Mile 2: Ààrẹ Buhari ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa. Ẹni tó bá kọ oṣù Kìíní nìkan ti parọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwọn ará Indonesia náà gé rìbọ́nì ọkọ̀ ojú irin wọn láti Jakarta sí Bandung ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, ọkọ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà. Ẹ bá mi ka iye ọjọ́ tiwọn, kí ẹ ka tiwa. Mi ò bínú, mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Tó bá jẹ́ jàǹbá, pẹ́ńsù ni kí ẹ lò. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ọkọ̀ ojú irin kọ lu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní PWD, lẹ́bàá Ṣógúnlẹ̀. Wọ́n ní èèyàn méjì ló kú, mo fi báírò kọ méjì. Nígbà tí yóò fi parí, ó ti di mẹ́fà. Ibi tí mo pa rẹ́ ṣì dúdú nínú ìwé dòní. Ti Odisha ní Íńdíà, ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà: iye òkú gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Ẹ jẹ́ kí oṣù kan kọjá kí ẹ tó mú báírò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọkọ̀ Blue Line fúnra yín. Káàdì Cowry ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, wọn kì í gba owó ọwọ́ lẹ́nu géètì. Ibùdókọ̀ márùn-ún péré ni, ẹ sì máa gba orí ọ̀sà kọjá kí ẹ tó dé National Theatre. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá gbọ́. Ìyá kan tó jókòó tì mí ní, “Àdúrà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní Marina, mi ò tíì ṣe àmín, a ti dé Orílé!” Èyí kò sí nínú ìwé ìròyìn kankan.

Tí apá kan bá ṣófo, ẹ má fi nǹkan kan dí i. Nínú ìwé 2024 mi, Red Line, ọkọ̀ ojú irin Èkó mìíràn, ti wà lápá òsì láti ọjọ́ 29 oṣù Kejì. Apá ọ̀tún funfun báláú títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá.