Síso páìpù bàbà mọ́ ọrùn hítà omi

Bí hítà tuntun bá ń jò lọ́jọ́ tí wọ́n so ó, ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, níbi tí páìpù bàbà ti pàdé nípù onítírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn páìpù kúkurú eléyín tó yọ lára táńkì. Hítà oní-táńkì tí wọ́n ń lò nínú ilé ní Amẹ́ríkà, oní gálọ́ọ̀nù 40 tàbí 50, ni a ó fi ṣe àlàyé níhìn-ín, torí pé páìpù bàbà wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Ìbàdàn á rí ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀ bí a ṣe ń lọ.

Ohun mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó yọ owó: ìwọ̀n páìpù, irú tírẹ́ẹ̀dì (eyín tí a fi ń yí wọn mọ́ra), àti irú irin tó máa fara kan ara wọn.

Ìwọ̀n páìpù

Orúkọ páìpù bàbà Amẹ́ríkà kì í bá ìbú òde rẹ̀ mu. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1/2 ínṣì, 5/8 ínṣì ni ìbú òde rẹ̀, ìyẹn 15.9 mm. Ti 3/4 ínṣì jẹ́ 7/8 ínṣì, 22.2 mm. Ẹ fi 1/8 ínṣì kún orúkọ, ẹ ti rí i nìyẹn. Ní Bìrìtéènì, ìbú òde gan-an ni wọ́n fi ń pè é: 15 mm, 22 mm. Fitting (ohun ìsopọ̀ páìpù) 15 mm kò ní í wọ páìpù 15.9 rárá, ojú ẹsẹ̀ lẹ sì máa mọ̀. Ti 22 mm àti 22.2 mm ló léwu: wọ́n sún mọ́ra débi pé ẹlòmíràn á fi òòlù gbá a wọlé, àyè tí sọ́dà, irin rírọ̀ tí a ń fi iná yọ́ láti lẹ̀ wọ́n pọ̀, ì bá ṣàn sí kò sì ní í sí mọ́.

Tírẹ́ẹ̀dì

Nípù méjì tó yọ lórí hítà Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ akọ (eyín rẹ̀ wà lóde), 3/4 ínṣì NPT, ìyẹn irú tírẹ́ẹ̀dì tí Amẹ́ríkà ń lò. Búlúù ni àmì omi tútù, pupa ni ti gbígbóná. Ínṣì 8 ló sábà wà láàrin wọn. Nítorí pé akọ ni wọ́n, abo (èyí tí eyín rẹ̀ wà nínú) lẹ máa wá lọ́jà. Lára páálí fitting, C ni ojú tí páìpù bàbà ń wọ̀ tí a ń sọ́dà, FIP ni abo tírẹ́ẹ̀dì, MIP ni akọ. Ẹni tó bá ra C x MIP wá fún nípù akọ, ó di dandan kó padà sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ NPT àti BSP gba sùúrù díẹ̀, pàápàá fún ẹni tó gbé hítà òkèèrè wálé. Ọ̀pọ̀ ohun èlò plọ́ńbà tó wà lọ́jà Nàìjíríà àti Bìrìtéènì, BSP ni, ìyẹn irú tírẹ́ẹ̀dì ti Bìrìtéènì. Igun tó wà láàrin eyín NPT jẹ́ 60 dígírì, ti BSP jẹ́ 55. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n 1/2 àti 3/4 ínṣì, eyín 14 ni àwọn méjèèjì ní nínú ínṣì kan, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi máa ń wọ èkejì bíi pé wọ́n bára mu. Ó máa yí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa le, ẹni tó ń so ó á rò pé ó ti mú dáadáa. Kò mú. Àlàfo tín-ín-rín kù láàrin eyín àti eyín, omi á sì máa bá a yí po títí yóò fi jáde. Téèpù plọ́ńbà tí a ń yí mọ́ tírẹ́ẹ̀dì, bó bá pọ̀, lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Bí irin bá ti ń fẹ̀ nígbà tó gbóná, tó sì ń súnkì nígbà tó tutù, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ti 1 ínṣì kò lè tan ẹnikẹ́ni tó bá ka eyín rẹ̀ jẹ: NPT ní eyín 11 àti ààbọ̀, BSP ní 11.

Bí wọn kò bá kọ nǹkan kan sára rẹ̀, ẹ wo orí eyín náà: ti NPT tẹ́ pẹrẹsẹ, ti BSP rí roboto. Bí ẹ bá bá NPT pàdé ní ilé tí gbogbo nǹkan tó kù jẹ́ BSP, ẹ ra adapter idẹ tó ní NPT lápá kan àti BSP lápá kejì. Ẹ má fi sípánà gígùn fi ipá mú wọn gba ara wọn.

Bàbà àti irin nínú omi kan náà

Bí bàbà bá fara kan irin níbi tí omi wà, irin ni yóò máa jẹrà nítorí bàbà. Nípù irin tí wọ́n dé adapter bàbà lé lórí tààrà máa dógùn-ún láti inú, ihò rẹ̀ á máa kéré sí i, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á máa tín-ín-rín. Apá omi gbígbóná ló ń tètè bàjẹ́, torí ooru ń mú iṣẹ́ náà yára. Ọ̀pọ̀ hítà tuntun ní nípù irin tí wọ́n fi ike bo inú rẹ̀; ẹ yọjú wo ihò rẹ̀, ike náà máa hàn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a máa ń gbà. Èkíní ni páìpù rírọ̀ onírin tàbí oníbàbà, ínṣì 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ní nọ́ọ̀tì abo 3/4 ínṣì tó ń yí fúnra rẹ̀ àti wáṣà rọ́bà nínú. Èkejì ni dielectric union, tí apá irin rẹ̀ ń wọ nípù, tí apá idẹ rẹ̀ ń gba sọ́dà, tí rọ́bà àti ike sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni kí a fi nípù idẹ sáàárín bàbà àti irin. Tiwa ni páìpù rírọ̀: kò béèrè iná nítòsí hítà, bí táńkì bá sì bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, sípánà nìkan ló máa tú u. Union náà dára, ṣùgbọ́n apá irin rẹ̀ ṣì lè dógùn-ún pẹ̀lú àkókò.

Ẹ kíyè sí ohun kan nípa union: ó ń gé iná mànàmáná tó lè gba ara páìpù kọjá. Níbi tí wọ́n ti fi páìpù omi onírin ṣe ara ètò tó ń gbé iná mànàmáná ilé lọ sínú ilẹ̀ (earthing), oníná gbọ́dọ̀ fi wáyà bàbà so páìpù tútù mọ́ gbígbóná.

Sọ́dà: lórí tábìlì ni kí ẹ ti ṣe é

Àṣìṣe tó ń ba hítà tuntun jẹ́ ni kí ènìyàn yí adapter mọ́ nípù tán kó tó gbé iná sí i. Ooru máa gba nípù lọ, á yọ́ ike inú rẹ̀, á sì lè yọ́ páìpù oníke gígùn tó rọ̀ sínú táńkì láti ojú omi tútù. Ìgbà tí èyí bá yọ́, omi tútù máa dà lu omi gbígbóná lókè táńkì, ẹni tó ń wẹ̀ á máa ráhùn pé hítà kò gbóná mọ́.

Nítorí náà, ẹ gé páìpù bàbà tó gùn tó sẹ̀ntímítà 15 sí 20, ẹ sọ́dà adapter mọ́ ọn lórí tábìlì, kó tutù fúnra rẹ̀, kí ẹ tó gbé e dé hítà. Bí ẹ bá ń wọn gígùn, ẹ rántí apá páìpù tó máa wọ inú fitting: nǹkan bí 3/4 ínṣì fún páìpù 3/4, 1/2 ínṣì fún páìpù 1/2.

Ẹ fi kọ́tà gé páìpù, ẹ ha ojú inú rẹ̀ kó má ní etí mímú. Ẹ fi sáńpépà fọ òde páìpù àti inú fitting títí tí wọ́n fi máa dán, ẹ fi flux (ìpara tó ń jẹ́ kí sọ́dà mú) fẹ́ẹ́rẹ́ sí méjèèjì, ẹ tì í wọlé dé ìsàlẹ̀. Ara fitting ni kí iná máa bà. Sọ́dà kò gbọdọ̀ fara kan iná. Bí ó bá ti gbóná tó, sọ́dà máa yọ́ ní ìfarakàn, yóò sì fà wọ àlàfo náà fúnra rẹ̀. Sọ́dà tó gùn tó ìbú páìpù, 3/4 ínṣì fún páìpù 3/4, ti tó fún ojú kan. Ẹ má fi omi mú un tutù.

Sọ́dà tí kò ní òjé ni kí ẹ lò. Òfin Amẹ́ríkà ti fòfin de sọ́dà olójé fún páìpù omi mímu láti 1986, ohun tó ju 0.2% òjé lọ kò sì bófin mu. Èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò sábà máa ń ní òjé púpọ̀, kò yẹ níbi tí a ti ń mu omi. Bí omi bá ṣẹ́ kù nínú páìpù tí ẹ fẹ́ sọ́dà lára ògiri, sọ́dà kò ní í yọ́: omi á mú un dúró ní 100 °C, sọ́dà aláìlójé sì ń fẹ́ ohun tó ju 220 °C lọ.

Yíyí i mọ́ nípù

Ẹ pa bírékà tàbí gáàsì, ẹ ti fáàfù omi tútù, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná kan nínú ilé, kí ẹ sì tú omi díẹ̀ jáde nísàlẹ̀ táńkì.

Téèpù ń ṣiṣẹ́ lórí tírẹ́ẹ̀dì tó ń tín-ín-rín lọ sí orí nìkan, bíi NPT. Bí ẹ bá kọjú sí orí nípù, ẹ yí téèpù 4 sí 5 ìgbà sí ọwọ́ ọ̀tún, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kó má bo eyín àkọ́kọ́. Ẹ fi ọwọ́ yí adapter dé ibi tó bá le, kí ẹ wá fi sípánà fi ìyípo kan sí méjì kún un. Sípánà kejì gbọ́dọ̀ di nípù mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nípù á máa bá a yí nínú táńkì. Ẹ má yí i padà láti tún ojú rẹ̀ ṣe: téèpù á ya. Bí ó bá ti yí kọjá ibi tí ẹ fẹ́, ẹ tú u, ẹ yọ téèpù, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì páìpù rírọ̀ kò fẹ́ téèpù. Wáṣà inú rẹ̀ ló ń dí omi, ó sì ń béèrè pé kí orí nípù tẹ́ kó sì mọ́. Lẹ́yìn ọwọ́, ìdá mẹ́rin ìyípo kan pẹ̀lú sípánà ti tó; èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á gé wáṣà.

Fún ẹni tó ń lo páìpù 15 mm ní Bìrìtéènì, fitting olórùka rírọ̀ (compression fitting) rọrùn ju sọ́dà lọ: ẹ fi nọ́ọ̀tì àti òrùka sára páìpù, ẹ ti páìpù wọlé dé ìsàlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì le, lẹ́yìn náà ẹ fi sípánà fi ìyípo kan àti díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá fún un jù, òrùka náà á jẹ páìpù wọlé, yóò sì máa jò.

Fáàfù ìdáàbòbò

Lára hítà Amẹ́ríkà, fáàfù tó ń ṣí bí agbára ìtì omi bá dé 150 psi tàbí tí ooru bá dé 210 °F (99 °C) ló máa ń wà lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kò gbọdọ̀ fi fáàfù tó ń tì sí àárín òun àti táńkì, ẹ kò sì gbọdọ̀ dí ẹnu páìpù tó ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ hítà kékeré tó wà ní ilé ìwẹ̀ ní Nàìjíríà ní tirẹ̀ lójú omi tútù, 1/2 ínṣì, tí ọfà kan wà lára rẹ̀. Ọfà náà máa kọjú sí hítà. Bí ó bá ń kán nígbà tí omi ń gbóná, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni: omi ń fẹ̀.

Ṣíṣàyẹ̀wò

Ẹ ṣí omi tútù, kí ẹ fi ẹ̀rọ omi gbígbóná sílẹ̀ ní ṣíṣí títí tí omi fi máa ṣàn geere láìtú afẹ́fẹ́ jáde. Ìgbà yẹn nìkan ni kí ẹ tan iná. Element (irin tó ń gbé ooru jáde nínú hítà oníná) tó bá gbóná láìsí omi lára rẹ̀ á jó ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rinrin tí ojú kò rí, tíṣù á fi hàn. Bí omi bá yọ ní ojú tírẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ìdá mẹ́rin ìyípo kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí kò bá gbọ́, ẹ tú u kí ẹ yẹ irú tírẹ́ẹ̀dì wò. Bí ó bá jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́dà, ìdọ̀tí tàbí ooru tí kò tó ló fà á: ẹ tú gbogbo rẹ̀ gbẹ, ẹ yọ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un sọ́dà. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbẹ nígbà tó tutù ṣùgbọ́n tó ń kán nígbà tó gbóná, wáṣà tàbí tírẹ́ẹ̀dì tí kò bára mu ni kí ẹ fura sí. Ẹ tún tíṣù náà fi nu ún lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí hítà bá ti gbóná dé ibi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí fún ìgbà àkọ́kọ́.