Bí A Ṣe Ń Po POP Tí Yóò Fi Dì Dáadáa

POP (plaster of Paris), ìyẹ̀fun funfun tí a ń fi omi pò, kì í gbẹ kí ó tó le. Ńṣe ló ń dì. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí ni yóò máa sá a sóòrùn nígbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀.

Òkúta jípúsọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe é, omi sì wà nínú òkúta náà. Bí wọ́n bá yan án ní nǹkan bí 150°C, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi yẹn á bá ooru lọ. Ìyẹ̀fun tó kù ló wà nínú àpò. Tí omi bá tún kàn án, á yọ́ sínú rẹ̀, kírísítà tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ á máa hù, wọ́n á há mọ́ra wọn títí yóò fi padà di òkúta.

Ẹ bu omi tútù lítà 1 sínú ike tó mọ́, kí ẹ wọn POP kílò 1.5 sọ́tọ̀. Ìyẹ̀fun là ń fọ́n sínú omi, bí ìgbà tí a ń rẹ gààrí. Bí ẹ bá da omi lé e lórí, kókó ni yóò mú. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2 kó mumi. Lẹ́yìn náà, ẹ rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí igi ìrò má yọrí sókè, kí afẹ́fẹ́ má baà wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rò ó jù, á tètè dì mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ dà á sínú móòdù, ìyẹn ohun tí yóò fún un ní ìrísí, tí ẹ ti fi òróró pa.

Nínú lítà omi yẹn, POP kò lò ju nǹkan bí mílílítà 280 lọ láti di òkúta. Ìyókù wà kó lè ṣeé dà ni, ojú ihò ló sì ń fi sílẹ̀ bó bá gbẹ. Ìdí nìyẹn tí POP olómi púpọ̀ fi ń bu fún wa lọ́wọ́ bí ẹfun.

Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa dán. Bí dídán yẹn bá ti lọ, ó ti ń dì nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ má sì bomi là á: àwọn abẹ́rẹ́ tó ti há mọ́ra lẹ ń ṣẹ́ yẹn, wọn kò ní so mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30, á gbóná. Èyí tó bá nípọn lè gbóná ju 60°C lọ, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láéláé.

Tó bá tètè dì jù, ẹ wo ike yín: èérún POP àná ni kírísítà tuntun máa ń hù lé lórí. Iyọ̀ díẹ̀ náà ń yá a. Ásíìdì irú èyí tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ ń fà á sẹ́yìn. Àpò tí ọ̀rinrin òjò ti wọ̀ kì í dì dáadáa mọ́. Ẹ má fọ ike sínú ṣíǹkì, torí abẹ́ omi gan-an ló ti ń dì.

Ìgbà tó bá dì tán ni gbígbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má gbé e sún mọ́ iná. Omi tó ti di ara òkúta náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ojú rẹ̀ á sì máa bu. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án. Bó bá ṣì tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀.